Ẹ Má Fi Owó Ìfẹ̀yìntì Ra Odò

Ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọ àkáǹtì, kì í pẹ́ tí àdúgbò fi ń gbọ́. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Kétu títí irun rẹ̀ fi funfun, nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣe iṣẹ́ òru láti ìgbà omidan rẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù tó sìn ní Ìkòsí: kò sí èyí tí ajẹ́ǹtì ilẹ̀ kò ní í wá kí nínú wọn. "Màmá, ẹ kú oríire o. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn Mile 12 níbí, púlọ́ọ̀tì méjì péré ló kù. Bí ẹ bá sún un di ọ̀la, ẹlòmíì á ti sanwó." Àwọn ọmọ náà á fẹ́ kí ìyá wọn kó kúrò nílé àyágbé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣílé. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mo bẹ̀ yín, ọ̀sẹ̀ tí owó yẹn bá dé, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ kankan.

Owó yìí kò dà bí èyí tí ẹ ti ń ná tẹ́lẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Bó bá fẹ̀yìntì, ó lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ tó ohun tí yóò máa fún un lówó lóṣooṣù. Nítorí náà, owó ńlá tí ẹ rí lójijì yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn kú-iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òógùn yín ni. Bí wọ́n bá lu ọmọ ogójì ọdún ní jìbìtì ilẹ̀, yóò sunkún, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní ẹnu iṣẹ́ tí yóò padà sí. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó oúnjẹ, owó iná, inú owó kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn yóò ti jáde títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ìwé rárá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi, nítorí ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ wa ní Èkó, omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Odò Ògùn gba ẹ̀yìn wa kọjá. Láti apá Abẹ́òkúta ló ti ń bọ̀, á gba Ìṣẹ́rí, á wá gba agbègbè Mile 12, Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀ àti Agbóyì, kó tó dà sínú ọ̀sà Èkó. Lókè lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni dáàmù Ọ̀yán wà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù náà kún, àwọn tó ń bójú tó o ní láti tú omi sílẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má baà ya. Omi tí wọ́n bá tú lókè, ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, ó bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú débi pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń wọ ojúlé wọn, ìjọba sì kó àwọn tí omi lé jáde lọ sí ibùdó ìrànwọ́ ní Agbówà. Kò mọ síbẹ̀. Ó ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, àsìkò kan náà ló sì sábà máa ń yàn, láàárín oṣù Òwewe sí Ọ̀wàrà.

Èyí ló fi yẹ kí ẹ fura sí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún yín nígbà ọyẹ́. Nígbà náà, ilẹ̀ á ti gbẹ, koríko á ti kú, ẹsẹ̀ yín kò ní í rì, ajẹ́ǹtì á sì máa tẹ ilẹ̀ kì kì kì níwájú yín láti fi hàn pé ó le. Ẹ dúró di oṣù Ọ̀wàrà kí ẹ padà lọ wò ó. Bí ajẹ́ǹtì bá ní ilẹ̀ á ti tán kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó tán. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó yí i ká, nítorí omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tó bá ga dé. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ilé àdúgbò náà ló gbé ìpìlẹ̀ ga ju ojú títì lọ, tí àtẹ̀gùn mẹ́rin márùn-ún wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tó fà á. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ayálégbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta àkàrà ní ìkòríta. Àwọn wọ̀nyí kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Wọ́n á sọ fún yín ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sì fọwọ́ wọ̀n ọ́n sí ara wọn, bóyá orúnkún ni tàbí ìbàdí.

Àwọn kan á ní yanrìn ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa, nítorí yanrìn tí ilẹ̀ àbàtà ń gbé mì lè gba owó ju ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún tí ẹ bá da tiyín ga, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni omi á yà sí. Òun náà á da tirẹ̀ ga lọ́dún tó ń bọ̀, omi á sì padà sọ́dọ̀ yín. Eré yìí kò lópin, owó ìfẹ̀yìntì yín sì lópin.

Omi míì tún wà tí ènìyàn kì í kà sí, ìyẹn kánààlì àti ojú àgbàrá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti là á sílẹ̀ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn tó. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, katakata wó àwọn ilé tí ìjọba ní wọ́n dí ojú àgbàrá ní Mende, lẹ́bàá Maryland, nínú Kòṣọ̀fẹ́ yìí kan náà. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, ó kan Oworonshoki, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. N kò sọ pé bí wọ́n ṣe ṣe é ló dára. Lójú tèmi, kò yẹ kí ìjọba kankan lé àgbàlagbà sí ìta láìpèsè ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí kánààlì máa ń pọ̀ fún títà, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀, nítorí pé àwọn tó mọ̀dí rẹ̀ kì í rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ojú àgbàrá ní ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Aláúsá, kí ẹ béèrè bóyá ilé lè dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló wá kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn agbègbè wa ti korò jù. Shangisha àti Magodo kò jìnnà sí Kétu. Láàárín oṣù Òkúdù 1984 sí oṣù Ẹ̀bìbí 1985, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé àwọn onílé ní Shangisha, wọ́n ní ìjọba nílò ilẹ̀ náà. Àwọn onílé gba kóòtù lọ ní 1988. Ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1993. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó pàṣẹ ní ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé 2012 pé kí wọ́n fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549. Síbẹ̀, ọdún ń gorí ọdún láìsí ilẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù kó ọlọ́pàá lẹ́yìn wọ Magodo, wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sára ògiri ilé àwọn tó ń gbé níbẹ̀ pé àwọn ti gbà á. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, Gómìnà Sanwo-Olu fúnra rẹ̀ ní láti lọ síbẹ̀ láti pẹ̀tù sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìtàn yìí dáadáa. Àwọn tí ilé wọn wó jàre, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn darúgbó sẹ́nu ẹjọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló pín ilẹ̀ fún àwọn tó wà ní Magodo, síbẹ̀ wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ọ̀dà lára ògiri wọn. Àwọn méjèèjì ní lọ́yà, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ní owó tí wọ́n fi ń dúró. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan ṣoṣo tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù kò lè fi ogún ọdún dúró ní kóòtù. Ilẹ̀ tí òórùn ẹjọ́ bá ti wà lára rẹ̀, bó ti wù kó dára tó, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń tà á fún.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹbí lè sọ pé ilẹ̀ bàbá ńlá àwọn ni, kó sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kí ìjọba ti gbà á láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí ìjọba bá dá padà fún ẹbí, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìròyìn ìjọba tí wọ́n ń pè ní gásẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹ wá sọféyọ̀ tiyín, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ajẹ́ǹtì. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé orí ilẹ̀ náà, kó wọ̀n ọ́n, kó sì gbé ìwọ̀n náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá. Ẹ má ṣe gba ìwé sọfé tí ẹni tó ń tà á bá nà sí yín kí ẹ sì gbà pé ó parí. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn gbájúẹ̀ ń dá, ìwé sọfé náà á jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á wà níbòmíì. Lẹ́yìn èyí ni kí lọ́yà yín lọ yẹ ìwé wò ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ní Aláúsá níbẹ̀ náà.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí ìwé. Ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ kan tà láìsí olórí ẹbí, òfin kò kà á sí títà rárá. Èyí tí olórí ẹbí nìkan tà láìsí àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè fi ẹjọ́ gbà á padà. Rísíìtì tí wọ́n kọ lábẹ́ igi kò sọ yín di onílẹ̀, àfi bí ìwé náà bá rìn dé ọ̀dọ̀ gómìnà fún ìyọ̀ǹda. Ẹ fi owó ìyọ̀ǹda yẹn sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ ara yín sórí ìwé. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ìyá jù, ẹ̀yin tí àbúrò ọkùnrin tàbí ọmọ máa ń sọ fún pé kí ẹ jẹ́ kí ìwé wà lórúkọ àwọn "kó lè rọrùn".

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà tiyín tẹ́jú ju èyí lọ. Láti oṣù Òwewe 2022 ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí òṣìṣẹ́ lo tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ lórí ilé tí báńkì ẹ̀yáwó ilé fẹ́ yá a lówó rà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé gbígbé, owó sì gbọ́dọ̀ ti wọ àpò náà fún oṣù 60 ó kéré tán. Ẹni tó bá ku ọdún mẹ́ta tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ kó fẹ̀yìntì, ilẹ̀kùn yìí ti sé mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má dúró. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: báńkì fúnra rẹ̀ á yẹ ìwé ilé wò kó tó yá yín lówó. Bí báńkì bá kọ ilé kan, ẹ má ṣe yí ẹ̀yìn lọ fi owó yín rà á. Àwọn tí wọ́n sì ti ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn sí àpò ilé gbígbé ìjọba àpapọ̀, tí wọn kò yáwó nínú rẹ̀ rí, lè gba owó náà padà pẹ̀lú èlé tí wọ́n bá fẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé é síbẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń ti àwọn àgbà wa. Wọ́n á ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba títí tí kò kọ́lé, kí ló fi ṣe? Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ó sì ti sún ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú àbàtà. Ẹni tó ń san owó yàrá àti pálọ̀ ní Alápẹ́rẹ̀, tó ń jẹun, tó ń ra oògùn rẹ̀ láìyáwó, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtìjú. Bí ìfẹ́ ilé kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ wo ìlú yín bóyá ilẹ̀ bàbá yín tí kò ní ìjà wà níbẹ̀. Iye yòówù kí ẹ fi sórí ilé, ẹ kọ́kọ́ ya owó oúnjẹ àti ìtọ́jú ara sọ́tọ̀ ná, ẹ má sì fi owó oṣooṣù yín ṣe ìdúró fún gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ti sanwó kó tó ka èyí, tí kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, kó dúró níbẹ̀. Kó gbé ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí Aláúsá lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá rí i pé wọ́n ti tà á fún ẹlòmíì, tàbí tí àwọn jàǹdùkú ń lé e kúrò, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àwọn ajagungbalẹ̀ wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin ààbò dúkìá ọdún 2016 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà lè lọ sí Citizens' Mediation Centre tàbí ọ́fíìsì Public Defender. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àwọn méjèèjì, wọn kì í sì gba owó. Kó mú gbogbo rísíìtì rẹ̀ dání, títí kan èyí tí wọ́n kọ sórí bébà ìwé ọmọ ilé-ìwé.