Àpótí Ìmọ̀: Ihò Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Nínú Manifold

Ẹni tí ó bá ti rí katakata níbi tí ó ti ń túlẹ̀ lóko ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà ìlú ìbejì títí dé Éèrùwà, yóò ti rí bí apá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè wẹ́rẹ́. Ọ́ìlì tí a fi agbára tì ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Nínú ẹ̀rọ tí fáàfù rẹ̀ pọ̀, a máa ń kó wọn jọ sórí bùlọ́ọ̀kù irin kan, manifold, tí a lu ihò sí nínú kí ọ́ìlì lè rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ihò méjì kò bá pàdé ara wọn, oníṣẹ́ lè lu ihò mìíràn ní igun 90 dìgírì láti so wọ́n pọ̀, kí ó sì fi plọ́ọ̀gì dí ẹnu rẹ̀ níta, tàbí kí ó lu ẹyọ kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kí plọ́ọ̀gì tí ó lè jò dín kù.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lu irin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ wo ẹnu dírílì rẹ̀, nítorí bí ó bá fẹ̀gbẹ́ kan irin, yíyọ̀ ni yóò yọ̀, àfi bí a bá kọ́kọ́ gé ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí igun bá yẹ̀ díẹ̀, irin tí ó wà láàárín ihò méjì lè tín-ín-rín ju èyí tí yóò gba agbára ọ́ìlì lọ. Nítorí náà, ihò tí ó tọ́ ni kí ẹni tí ó ń ya àwòrán manifold kọ́kọ́ lò. Kí ó fi ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ibi tí ó bá pọn dandan.