Àkàbà fún Àmùnùtutù

Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í pọ̀. Tí a bá jẹ́ kí àmùnùtutù máa fà nílẹ̀, òjò á ta ẹrẹ̀ sí i, ìgbín á jẹ ẹ́, ewé ìsàlẹ̀ á jẹrà. Tí ẹ bá gbé e dé ọjà Wáńdò, ta ni yóò ra ewé ẹlẹ́rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó gun òkè.

Ọ̀pá igi, ọparun àti okùn la fi ń ṣe é. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbin ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò lẹ́yìn náà yóò gé gbòǹgbò.

Ká ní ebè yín gùn tó mítà 6. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ síra wọn. Ọ̀pá mélòó ni? Ọ̀pọ̀ á ní 4. Rárá o! Ẹ fi ìka kà á: àlàfo ni 4, ọ̀pá jẹ́ 5. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 2 àbọ̀. Ìdajì mítà á wọlẹ̀, mítà 2 á kù lókè.

Ikán lọ̀tá. Lọ́dún kan, mo ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láìtọ́jú ìdí rẹ̀. Ikán jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìjì oṣù kẹfà dé, gbogbo rẹ̀ wó lé ẹ̀fọ́ lórí, lọ́sẹ̀ tó yẹ ká já a lọ tà! Látìgbà náà, mo máa ń fi iná jó ìdí ọ̀pá títí ara rẹ̀ á fi dúdú bí èédú. Kò ní kí ikán má wá rárá, àmọ́ ó ń dá wọn dúró díẹ̀. Àwọn mìíràn ń ri akòko tútù mọ́lẹ̀. Akòko á hù, igi ààyè sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa gé ẹ̀ka rẹ̀, kí òjìji rẹ̀ má baà bo ẹ̀fọ́.

Ẹ la ọparun kan tó gùn ju mítà 6 lọ sí 4. Ẹ so 3 nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ní ìbú: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Okùn ni kí ẹ fi so ó, torí ìṣó á la ọparun. Ẹ wá ta okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan.

Tí ìtàkùn bá ti gùn, ẹ fà á mọ́ okùn jẹ́jẹ́. Ẹ wo apá ibi tó ń yí sí. Tí ẹ bá fi agídí yí i sódì, yóò tú ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ má sun ìtàkùn níná. Ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1985, wọ́n ń kọ́ni pé ohun tó kù lóko, ajílẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Tí ebè bá gùn tó mítà 9, ọ̀pá mélòó la máa ri mọ́lẹ̀?