Ẹfun Sísun àti Òórùn Ẹ̀gbin

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn ni a ń darí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n níbo ni ìlú ńlá yóò darí ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí rẹ̀ sí? Ní ìlú London látijọ́, inú odò Thames ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí. Ní ọdún 1858, oòrùn mú gidigidi, òórùn odò náà sì wọ inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ. Wọ́n da ẹfun sí odò, ṣùgbọ́n òórùn kò tán, títí a fi la ọ̀nà ìdọ̀tí tuntun sí abẹ́ ilẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹfun kò wúlò ni? Ó wúlò, bí a bá lò ó ní ibi tí ó yẹ àti ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ẹfun yìí kì í ṣe èyí tí a ń rà lọ́jà láti fi kun ara. Òkúta ni a sun nínú iná líle títí ó fi di funfun, a sì máa gbóná bí omi bá kàn án. Lónìí, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó silẹ̀ lára omi ìdọ̀tí ni a ń pò ó mọ́.

Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa òórùn náà. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gbin, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí ẹyin ọ̀bù ń jáde. Ẹfun a máa mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ le bí omi eérú àwọn aláró, iṣẹ́ àwọn kòkòrò a sì dúró. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀n pH dé 12 fún wákàtí 2, kí ó má sì lọ sílẹ̀ ju 11.5 lọ fún wákàtí 22 mìíràn, láìtún bu ẹfun kún un.

Ẹfun ní ewu tirẹ̀. A máa jó ojú àti awọ ara, a sì máa lé afẹ́fẹ́ amóníà jáde, èyí tí ń ta ni nímú bí ìtọ̀ tí ó pẹ́ nílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò kó oúnjẹ àwọn kòkòrò kúrò. Bí ẹni tí ń ṣọ́ owó bá bu díẹ̀, agbára ẹfun yóò rọ̀, àwọn kòkòrò yóò padà sí ẹnu iṣẹ́, òórùn yóò sì tún dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹfun ṣẹ́gun òórùn, kí ó kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n.