MÁÀKÌ JAMB ÀTI ẸNU Ọ̀NÀ YUNIFÁSÍTÌ
Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí àti Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé púpọ̀ láàárín wa. Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde, ẹ ó máa gbọ́ tí òbí kan ń wí pé, "Ọmọ mi ti pàásì," òmíràn a ní, "Tèmi féèlì." Lóòótọ́, kò sí pàásì, kò sì sí féèlì nínú ìdánwò yìí. Ipò lórí ìlà ni máàkì JAMB ń fún ọmọ. Ẹni tó gba 230 lè wọlé síbì kan, kí ẹni tó gba 290 má rí àyè níbòmíràn, kí ó má sì sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ó tó di ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ kan á ra fọ́ọ̀mù Ìbàdàn, á ra ti Ifẹ̀, á tún ra ti Èkó; bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbà á, àyè méjì di òfo nìyẹn. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Nítorínáà, ẹ̀yin màmá tí ẹ ṣì ń kó báírò wá fún àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ kọ́ bí a ti ń tẹ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe, 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 400. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù ní 40-40: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé 300 wọ́pọ̀. Nínú èsì 1,842,464 tí wọ́n gbé jáde ní 2024, àwọn 8,401 péré ló gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 1,402,490 kò dé 200. Òbí tó ń na ọmọ nítorí 240, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo iye yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé ìwé tí èrò pọ̀ sí. Láti 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Ọ̀nà tí a mọ̀ mọ́ Ìbàdàn ni pé wọn a fi 8 pín máàkì JAMB, wọn a fi 2 pín ti ilé ìwé fúnra rẹ̀, wọn a sì ro méjèèjì pọ̀. Ká sọ pé Táyé gba 310 ní JAMB, ó wá gba 52 ní ti ilé ìwé: 38.75 àti 26, ó di 64.75. Kẹ́hìndé gba 262, ṣùgbọ́n ó gba 70 ní ti ilé ìwé: 32.75 àti 35, ó di 67.75. Ẹ rí i bí Kẹ́hìndé ti kọjá Táyé! Táyé ti sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa ẹran fún 310 rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìpín. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè wà fún máàkì nìkan, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Èyí máa ń dun àwọn ènìyàn wa, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tó wọ Ìbàdàn nínú 35 yẹn, ṣé àwa náà kì í bá a jó ni?

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ọmọ tó gba máàkì tó dára, tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá kọ́ọ̀sì mu. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì. Bí ó bá fi Maths rọ́pò Físíìsì, 350 kò ní gbà á. Síbẹ̀ Maths gbọ́dọ̀ wà nínú kirẹ́díìtì márùn-ún tí yóò mú wá láti WAEC tàbí NECO. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Ẹ gbọ́ ná, máàkì pàápàá lè ṣì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jáde sọ pé àṣìṣe wà nínú èsì àwọn 379,997 ní Èkó àti ìhà ìlà-oòrùn gúúsù. Ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsíáákà Olóyèdé, sunkún ní gbangba, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà padà wá tún un ṣe. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ti bú nílé kí ó tó di ọjọ́ náà?

Àwọn kan a wá sáré lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre." Orúkọ yìí yẹ kó bí àwa tí a mọ ohun tí iṣẹ́ ìyanu jẹ́ nínú. Àwọn mìíràn a sanwó fún ẹni tó ní òun mọ ènìyàn nínú yunifásítì. Láti 2017, orí CAPS ni JAMB ti ń fi ọwọ́ sí gbígba ọmọ wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lè jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sìn ìlú, NYSC kò ní pè é.

Bí ti ọdún yìí kò bá sì bọ́ sí i, èsì JAMB kì í ju ọdún kan lọ, yóò tún un ṣe ni. Tàbí kí ó lọ ṣe JUPEB, tàbí NCE, tàbí OND, kí ó sì gba ibẹ̀ wọlé nípa Direct Entry, níbi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì.