Ẹ Má Ṣe Fa Lẹ́búlẹ́bú Oògùn Símú

 Eruku tí ojú kò lè rí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí.

Ẹ mọ̀ pé irin tó bá ń rí omi àti afẹ́fẹ́ máa ń dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló bá irin pọ̀. Bàbà àti síǹkì náà máa ń bá ọ́síjìn pọ̀. Lára páálí, "oxyde" ni wọ́n ń kọ fún un. Ti bàbà ń gbógun ti àrùn ewé, ti síǹkì ń ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ láti dàgbà. Wọ́n wúlò.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń ṣe wọ́n ní kíkúnná tó kọjá ìyẹ̀fun. Ẹ mú mìlímítà kan lórí rúlà ọmọ iléèwé, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 10,000. Ìdá kan péré nínú rẹ̀ ni wọ́n tóbi mọ, tàbí kí wọ́n kéré jù bẹ́ẹ̀. "Nano" ni orúkọ wọn.

Eruku ọ̀nà máa ń há sí imú, a ó sì fun ún dànù. Èyí lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa, bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń di ilé. Sẹ́ẹ̀lì lè gbé eruku yìí mì. Bí ti bàbà tàbí síǹkì bá yọ́ nínú rẹ̀, tó sì pọ̀ jù, ó lè pa sẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ wo àwọn tó ń jó irin. Bí wọ́n bá jó páànù tí a fi síǹkì bò, tí wọ́n sì fa èéfín rẹ̀, ara wọn lè gbóná lálẹ́ kí òtútù sì mú wọn. Wọ́n á rò pé ibà ni.

Nítorí náà:

1. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ka páálí fún yín kí ẹ tó tú u.
2. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Ẹ kọ́kọ́ bu omi sí garawa, kí ẹ wá rọra da lẹ́búlẹ́bú sí i.
3. Aṣọ tí a fi dí imú kò tó. Ìbòmú tí wọ́n kọ FFP2 sí lára ni kí ẹgbẹ́ dáwó rà.
4. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.
5. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ mú páálí náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jíròrò èyí ní ìpàdé: ta ló ń po oògùn ní ilé yín? Bí ọmọdé tàbí aboyún bá ni, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.