Àtúnṣe Ló Ń Sọ Àṣìtẹ̀ Dọ̀wọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ, mo rí i pé gbogbo èyí tí wọ́n bá ti ṣì tẹ̀ lẹ ń sáré rà. Ẹ rọra. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ béèrè: ṣé wọ́n tún un tẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n tún un tẹ̀?

Ẹ wo káàdì Hank Aaron tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1957. Àwòrán náà kọjú sódì: ọkùnrin tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù di ọlọ́wọ́ òsì, 44 ara ẹ̀wù rẹ̀ sì dà bí ohun téèyàn wò nínú dígí. Topps ò tún un ṣe rárá. Bákan náà ni gbogbo wọn rí, kí ni yóò wá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀? Orúkọ Aaron lẹ ń sanwó fún. Ti Aurelio Rodriguez náà nìyẹn ní 1969, tó jẹ́ pé ọmọ tó ń bá wọn gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ya dípò rẹ̀ (ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń pa mí).

Ṣùgbọ́n nínú káàdì sìgá T206, ti 1909 sí 1911, wọ́n kọ orúkọ Magee ní “Magie”, wọ́n sì tún un ṣe. Ìwọ̀nba tó ti jáde ló di góòlù. Ti Billy Ripken, tí ilé-iṣẹ́ Fleer tẹ̀ ní 1989, tún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ rírùn kan wà ní ìdí igi rẹ̀. Fleer fi dúdú bò ó, wọ́n ha á, wọ́n tún fi funfun pa á rẹ́. Èyí tí wọ́n fi funfun pa yẹn wọ́n ju èyí tí ọ̀rọ̀ náà hàn lára rẹ̀ lọ!

Ibi tí wàyó pọ̀ sí ni Frank Thomas, Topps 1990, nọ́ńbà 414, tí kò ní orúkọ níwájú. Tàdáwà dúdú ni kò dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ nìkan ló bá a lọ: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí àwòrán ká já pẹ̀lú. Oníjìbìtì á fi rọ́bà pa orúkọ rẹ́, á gbàgbé ìlà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ra irú ẹ̀ rí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń búra. Ojú ń kán mi, n kò yọ awò lápò. Mo délé, ìlà pé pérépéré. Mo dagun káàdì náà síbi iná: ó ń dán yinrin, àfi ibi orúkọ tó ṣe bàìbàì.

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ẹ mú un wá, awò rèé.