Ẹ Wá Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ: Ìkìlọ̀ Lórí Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Nílùú Ọba

Ẹ̀yin òbí wa tó wà nílùú Ọba, bí ọmọ yín bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn quad bike, fún òun, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ibo ló ti máa gùn ún. Bí ó bá jẹ́ páàkì àdúgbò ni, tàbí títì iwájú ilé, tàbí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹ́ pé ohun tí ọlọ́pàá máa gbà lọ ni ẹ fẹ́ fi owó yín rà.

Etí òkun Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ yìí. Èèyàn á sanwó fún ẹni tó ni ín, á gùn ún lórí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nílùú Ọba. Ọkọ̀ ni òfin ka quad bike sí níbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Kó tó lè rìn lójú títì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí fún títì, kó ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà, owó orí ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì. Bí ó bá ti lé lọ́dún 3, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT pẹ̀lú. Ẹni tó máa gùn ún lójú títì ní láti ní láísẹ̀ńsì mọ́tò gidi, ọjọ́ orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ọdún 17, àyàfi àwọn aláàbọ̀ ara kan tí òfin gbà láyè láti ọdún 16. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gùn lójú títì rárá, torí oko àti pápá ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ ka àlàyé ọlọ́jà dópin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ti í ṣe títì, kò séwu. Òfin ìrìnnà ọdún 1988 kò gba ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì láyè lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ilẹ̀ ìlú tàbí pápá òkè láìgba àṣẹ. Òfin kan náà ló béèrè ìnṣọ́ránsì lójú títì àti níbikíbi tí gbogbo èèyàn ti ń wọlé jáde. Nítorí náà, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni lè yà sí, lè kó yín sí wàhálà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìyà náà kì í mọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹni tó gbà kí ẹlòmíràn lo ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì ti ṣẹ̀ sófin fúnra rẹ̀, pọ́ìntì ìjìyà 6 sí 8 sì lè wọ orí láísẹ̀ńsì tirẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún 2 tí ẹ gba láísẹ̀ńsì yín àkọ́kọ́ níbẹ̀, pọ́ìntì 6 ti tó kí wọ́n fagi lé e, ẹ ó sì tún ìdánwò ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń wakọ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú? Ẹni tí láísẹ̀ńsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ lè bọ́ tẹ̀ lé e.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ọlọ́pàá lè gbà á lójú ẹsẹ̀ bí kò bá ní ìnṣọ́ránsì. Òfin mìíràn tó jáde lọ́dún 2002 tún fún wọn lágbára láti gba èyí tí wọ́n ń gùn ní ìgùnkúgùn, tó ń kó ìpayà tàbí ìbínú bá aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà máa sanwó ìtúsílẹ̀, á tún san owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi wà ní àhámọ́. Èyí tí ẹni tó ni ín kò bá wá gbà, wọ́n lè fọ́ ọ túútúú.

Ṣé kò wá sí ibi tí èèyàn ti lè gbádùn rẹ̀ ni? Ó wà. Àkọ́kọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi í háyà ní ìgbèríko. Wọ́n ní ilẹ̀ tiwọn, akoto, olùkọ́, àti ẹ̀rọ tó bá ọjọ́ orí mu. Ìdílé tó máa gùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kò nílò ju ìyẹn lọ. Èkejì ni ilẹ̀ àdáni tí onílẹ̀ gbà yín láyè lórí rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ náà ní ìwé, ẹ má sì jẹ́ kí ariwo di aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní byway open to all traffic, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti àgbàlagbà tó níwèé títì pé nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ àti aláṣẹ ọgbà orílẹ̀-èdè (national park) lè ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pa mọ́ ọkọ̀, bí wọ́n ti ṣe sí ọ̀nà Long Causeway ní ọgbà Peak District. Ẹ̀yin tó wà ní Scotland, òfin ọdún 2003 tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè rìn kiri lórí ilẹ̀ kò kan ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì.

Lórí ilẹ̀ àdáni pàápàá, ewu ṣì wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn méjèèjì máa ń yí ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà kì í rọrùn láti yà kọ́nà àfi kí ẹni tó gùn ún fi ara rẹ̀ gbè é. Bí èèyàn kejì bá jókòó sórí àga ẹnìkan, àyè àtifi ara gbè é kò sí mọ́, ẹ̀rọ á sì tètè dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí àgbà ń gùn wúwo ju kílò 200 lọ, kò sì sí ọmọdé tó lè gbé e kúrò láyà ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn pé ọmọ tí kò tó ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ wà á rárá. Nílùú Ọba, òfin kò fi dandan lé akoto lórí quad bike, síbẹ̀ ìwé ìlànà ìrìnnà ibẹ̀ ní kí ẹ dé e. Ẹ dé e.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ní England àti Wales, ìjọba ìbílẹ̀ ní máàpù tó fi irú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ti agbègbè yín hàn yín. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ wádìí ìnṣọ́ránsì. Bí ẹ kò bá tíì rí ilẹ̀, ẹ háyà, kí owó ẹ̀rọ ṣì wà ní báǹkì.